Ẹ̀wà tí Kò Tíì Rọ̀

Ẹ̀wà ni ìyá onílé wa ní Ifákò fi ń wọn ọ̀nà bàálù. Bí ọmọ wọn bá ti gbéra ní Ìkẹjà lọ sí Àbújá, wọ́n á gbé ẹ̀wà kaná, wọn ò sì ní jẹ́ kí n gbá yàrá tó sùn.

"Jẹ́ kó débẹ̀ ná."

Ẹ̀wà kì í tíì rọ̀ tí ìyẹn á fi pè. Wọ́n á wá na ìgbálẹ̀ sí mi. "Àbújá ò jìnnà."

Nígbà tó yá, àwọn náà lọ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n dákẹ́ sí. Lọ́jọ́ tí bàálù ń gbé òkú wọn bọ̀, mo gbé ẹ̀wà kaná. Kò tíì rọ̀ tí ọmọ wọn fi pè láti Ìkẹjà.

"A ti balẹ̀."

Mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbá yàrá wọn.