A Jẹ́rìí Kí Déjì Tó Yá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí láyé ìjọba ológun.

Èbúté Mẹ́ta là ń gbé nígbà náà, nítòsí ọ́fíìsì rélùwéè tí bàbá wa ti ṣiṣẹ́ kó tó kú. Àbúrò mi ọkùnrin, Déjì, bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Èkó láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ ìyẹ̀fun olóró burúkú tí mò ń wí! Nígbà tó ta bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, a gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Yábàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lò ní wọ́ọ̀dù. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn?

Dókítà wá pe èmi àti Màámi. Ó ní ara rẹ̀ nìkan ni wọ́ọ̀dù bá a fọ̀ mọ́, iṣẹ́ ṣì kù. Kó ti ibẹ̀ lọ sí ilé kan ní Sùúrùlérè, níbi táwọn bíi tirẹ̀ ti ń gbé pọ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí wọ́n á máa ṣọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa gbé ilé, kó máa wá gba ìmọ̀ràn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó wojú mi, ó ní tó bá padà sídìí gbáná báyìí, ìwọ̀n tó ń fà tẹ́lẹ̀ lè pa á, torí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

Àmọ́ Màámi ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ìdúpẹ́, ó sì ti dá ọjọ́ fún pásítọ̀. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run wò sàn, kí ló tún ń wá nílé àwọn aláìsàn? Èmi náà gbà. Ẹ máa bú mi o.

Ní Ọjọ́ Àìkú, a jó dé iwájú pẹpẹ. Màámi gba máìkì, ó ní ọmọ òun ti bọ́ pátápátá. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kígbe halelúyà! Mo wo Déjì. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo ilẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní balùwẹ̀. Ó lè lo wákàtí kan níbẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ìró omi. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn, á ní òun ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mò ń lọ aṣọ ní pálọ̀, ó wá jókòó tì mí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ sílé tí dókítà sọ yẹn. Nǹkan yìí ò tíì fi mí sílẹ̀."

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un: "Lẹ́yìn ẹ̀rí tí Màámi jẹ́? Kí la fẹ́ sọ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì? Jẹ́ kí ìkórè kọjá ná."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kò burú, ó sì bá mi ká aṣọ tí mo ti lọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́sàn-án gangan, mo kan ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kò dáhùn. Àwọn tá a jọ ń gbélé ló bá mi já a. Déjì ti kú. Ìkórè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Màámi ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí dòní. Mi ò tíì lè sọ fún un pé Déjì bẹ̀ mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irú rẹ̀ nílé, tí dókítà bá ní ó ku ibì kan tó yẹ kó dé, ẹ jẹ́ kó débẹ̀. Tí ẹni náà fúnra rẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ dá òun padà fún ìtọ́jú, ẹ gbéra lọ́jọ́ náà. Ìdúpẹ́ lè dúró. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ sọ fún mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú tiyín padà lọ.