Híhanrun Bàbá Àgbà

Ṣíbí kù díẹ̀ kó dé ẹnu Bàbá Àgbà nígbà tí oorun gbé wọn lọ. Gààrí Ìjẹ̀bú ń wú nínú abọ́, ẹ̀pà ń bẹ lórí rẹ̀, wọ́n sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Mo wo àyà wọn, kò gbéra. Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà na ẹsẹ̀, wọ́n fi ta ọkọ wọn ní orúnkún. Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n sì ti ṣíbí bọ ẹnu bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Sójà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Wọ́n gbà pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọ́n ń hanrun ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Wọn a ní ewúrẹ́ aládùúgbò la gbọ́. Ewúrẹ́ yẹn sì ti kú tipẹ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò kò mú un wálẹ̀. Rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti dá bàbá ilé kejì dùbúlẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tiwa ló kàn.

Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ lé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn. Orí bẹ́ńṣì ni Bàbá Àgbà ti sùn. Obìnrin kan tó gbé ọmọ wá láti Òdogbolú sún jìnnà díẹ̀. Nígbà tó yá, híhanrun dá wáí. Mo wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà: wọ́n ti ká a sábẹ́ bẹ́ńṣì, ojú wọn sì wà lára dókítà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa lórí bẹ́ńṣì gbàgbé láti mí. Àfi gbàrà tí Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀, wọ́n dìde nàró, wọ́n sì gbọ́wọ́ síwájú orí.

“Mo wà níbí, sà!”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

“Ó ti pẹ́,” Ìyá Àgbà dáhùn. “Ẹsẹ̀ mi ló ń jí wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i lónìí.”

Bàbá Àgbà wojú obìnrin Òdogbolú bóyá á gbè wọ́n lẹ́yìn. “Bàbá, ẹ̀yin ni,” ló wí.

Dókítà ní ó lè jẹ́ pé èémí tó ń dúró lójú oorun ló ń dá kún ẹ̀jẹ̀ ríru náà. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, wọ́n fún wọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi bo imú sùn. Bàbá Àgbà ní àwọn tún ti múra ogun. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àgbà ni kò wá rí oorun sùn mọ́, ilé ti dákẹ́ jù.

Mo ti wà nílé ọkọ báyìí. Ìfẹ́ tí mo bá nílé wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọkọ mi bá hanrun tó sì dákẹ́, ẹsẹ̀ mi a ti gbéra kí ojú mi tó là.