Sọ́kẹ́ẹ̀tì Ara Alùpùpù Má-sáré

Má-sáré ni wọ́n ń pe bàbá kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó wà ní ìlú òkèèrè, a máa sọ pé fóònù bàbá ló máa ń kú tí òun bá pè. Bàbá bá ní kí rewáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fóònù á ti máa gbaná, tí omi kò sì lè wọ̀, sára alùpùpù òun.

Rewáyà fi rọ́bà dí i, ó sì fi fíúsì sí i, èyí tí àwọn rewáyà tó ya ọ̀lẹ máa ń fò.

“Bàbá, bí ẹ bá tilẹ̀ wa alùpùpù wọ odò, fóònù yín á máa gbaná!”

“Kí fóònù là, kí èmi rì?”

Òjò rọ̀, ẹ̀rùn dé, fóònù kò kú, kò sì dún. Bàbá fúnra rẹ̀ pe ọmọ.

“Bàbá, ojoojúmọ́ ni mò ń pè yín, kì í wọlé.”

Má-sáré wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ara alùpùpù rẹ̀.

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Àìsí iná ni.”