Àpótí Ẹja Tó Ń Jò Nílé Ràmọ́nì

Ràmọ́nì, tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí ń pè ní Bàbá Àsíátù, ti gbẹ́ igba kànga. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ọ̀ọ́dúnrún, ó yẹ ẹ́. Ibi tí àpáta ti ń dá dígà padà sí èèyàn lójú, ó máa ń kan omi níbẹ̀. Àfi omi korobá mẹ́rin inú àpótí kan ló wá so ó lọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Waheedat, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, òrùlé ló sì máa ń tẹjú mọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé e lọ gba oògùn, àpótí ẹja kan wà níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Bí ẹja bá lọ sọ́tùn-ún, ojú Waheedat á tẹ̀ lé e; bó bá padà, ojú á padà. Ràmọ́nì ní ó rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti sọ fáwọn èèyàn pé ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Bí Ràmọ́nì ṣe wá irú àpótí bẹ́ẹ̀ kiri nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Mọ́ládé tó ń ta ẹrù tòkúnbọ̀ láti Kútọnù ló ti rí i. Ike ni, kì í ṣe dígí, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara. Ó kó epìyà kéékèèké méje sínú rẹ̀ láti odò Òfíkì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Òótọ́ ni, ojú obìnrin náà fi òrùlé sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, igun àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn. N kò ní purọ́ níbí yìí. Mo ní, "Gọ́ọ̀mù kì í mú ibi tó dọ̀tí. Kọ́kọ́ fi pẹtiróòlù nù ún." Kí la kì í fi pẹtiróòlù nù lọ́dọ̀ wa? Òun la fi ń nu ẹ̀rọ tó ń fa omi, òun la fi ń fọ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́. Ràmọ́nì da omi àtẹja sínú bàsíà, ó nu àpótí náà tinú tòde. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìlà tín-ín-tín ti bo gbogbo ara rẹ̀ bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.

A ránṣẹ́ sí Olúwafọlákẹ́mi, tó ń fi irú ike yẹn gé lẹ́tà pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Ìsẹ́yìn. Ó gbé àpótí náà sójú oòrùn.

"Ta ló fi pẹtiróòlù nù ún?"

Ràmọ́nì wò mí. Adìẹ kan tó ń kọjá lèmi ń wò.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin mà ni mò ń bi o."

"Ṣé mo ti ní èmi kọ́ ni?"

Olúwafọlákẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí Ràmọ́nì. "Bàbá Àsíátù, mo lè lẹ igun yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn tí mo fi ń lẹ̀ ẹ́, ńṣe ló máa ń yọ́ ike kó tó mú. Pẹ̀lú àwọn ìlà wọ̀nyí, ó lè là sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́."

"Bó ò bá lẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Á máa jò. Ó lè pẹ́ kó tó bú, ó sì lè bú lọ́la."

Mọ́ládé kò ní òmíràn. Ràmọ́nì wọlé tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, a tẹ̀ lé e.

"Ìyá Àsíátù, ṣé ká lẹ̀ ẹ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, di ojú."

Ó di ojú.

"Àbí ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ó tún di ojú. Nígbà tó là á, òrùlé ló gbé e lé.

Ràmọ́nì ní, "Má lẹ̀ ẹ́. Bó bá là lónìí, kí ló máa wò lónìí?"

Ó dá ẹja padà, ó bu omi dé ìdajì kó má baà wúwo jù, ó sì gbé bàsíà sábẹ́ igun tó ń jò. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti kún bàsíà, á fi abọ́ bù ú padà sínú àpótí. Wọ́n wá pè é kó wá gbẹ́ kànga ní Àgọ́-Àmọ̀dù, kò lọ. Mo bi í pé títí dìgbà wo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú abọ́ yẹn."

Mo mú un fún un.