Ibi Tí Wọn Kì Í Kúnlẹ̀

Ẹyẹ ló gba Moṣọpẹ́ Oyèkọ́lá lọ́wọ́ wa, ó sì ti pẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí ebi ń pa gbogbo wa, ọmọ náà á já ọwọ́ gbà létí adágún inú Mayesbrook Park, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, á dúró tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, á máa wo àwọn ẹyẹ orí omi. Ìyá rẹ̀ á pè é títí. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀, tí ó ń pè ní Àǹtí Àmọ̀kẹ́, èmi ni mo máa ń lọ fà á. Mo fà á títí apá fi ro mí, n kò fà á kúrò nídìí ẹyẹ.

Èyítáyọ̀ ìyá rẹ̀ fẹ́ kó ka ìmọ̀ oògùn. Ọmọ lọ ka ìmọ̀ ẹranko. Nígbà tó jáde, ó ní òun ti ríṣẹ́. A yọ̀. A ní iṣẹ́ kí ni, ó ní inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò lọ sí Àǹtátíkà ni, ìpẹ̀kun gúúsù ayé, ilẹ̀ tí kò sí ìlú, tí kò sí ọjà, tó jẹ́ pé yìnyín àti ẹyẹ ló ni ín. Òun ni yóò máa fi ọkọ̀ rọ́bà kékeré gbé àwọn èrò lọ sí èbúté, tí yóò máa fọ̀nà hàn wọ́n, tí yóò máa sọ ìtàn ẹyẹ fún wọn. Ìgbà tó yá ni Èyítáyọ̀ bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, “Àmọ̀kẹ́, ṣé àwọn òyìnbó yẹn ò lè dá wo ẹyẹ ni?”

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ó fi ogún ọdún tọ́jú àwọn arúgbó ní Dagenham Village, iṣẹ́ tó sì mọ̀ ni èyí tí èèyàn ń ṣe tó ń padà wá sùn sílé. Bí wọ́n bá bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni Moṣọpẹ́ ń ṣe, á ní, “Ó wà lẹ́nu iṣẹ́,” á yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ náà mọ̀, ó sì ń dùn ún. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé, “Aunty, gbogbo àdúrà Mummy ni pé kí n padà wálé. She's never once prayed for the work itself.”

Ní ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ìjì bá ọkọ̀ wọn lójú òkun, a kò sì gbúròó rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹta, Èyítáyọ̀ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí Ọlọ́run bá dá ọmọ náà sí, òun yóò lọ sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, òun yóò bọ́ bàtà níbẹ̀, òun yóò kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èmi nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, “Èyítáyọ̀, o ò lè jẹ́jẹ̀ẹ́ àgùntàn bíi tèèyàn?” Ó ti jẹ́ ẹ tán. Láàárín àwa Aládùúrà, ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ló máa san án.

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, yàrá kan ṣófo nínú ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ wọn sì fún Moṣọpẹ́ láyè láti mú èèyàn méjì wá. Ó mú ìyá rẹ̀, ó mú èmi. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ́. Tirẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ti Dávídì, ọ̀gá àwọn afinimọ̀nà, ará Scotland kan tí kì í rẹ́rìn-ín kó tó mu tíì. Dávídì fẹ́ fi ìrìn-àjò yẹn wò ó bóyá ó tó ẹni tí òun lè fi ṣe igbákejì.

N kò ní í sọ ohun tí ojú wa rí lórí òkun fún ọjọ́ méjì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò sí orin ìsìn tí a kò kọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn ọkọ̀. Moṣọpẹ́ ló bọ́ síwájú nínú jákẹ́ẹ̀tì pupa, àwọn òyìnbó tí wọ́n tó bàbá rẹ̀ bí lómọ ń tẹ́tí sí i. Mo wo Èyítáyọ̀, mo rí i pé ó ń dọ́gbọ́n pa ẹ̀rín mọ́ra. Moṣọpẹ́ ní àìsàn kan ń pa ẹyẹ káàkiri ayé, àwa kò sì gbọdọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ gbé e bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. Bàtà rọ́bà tí wọ́n ti fi oògùn fọ̀ nìkan ni kó kan ilẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó, kí ẹnikẹ́ni má dùbúlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má kúnlẹ̀. Afinimọ̀nà tó bá rí èrò tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì mójú kúrò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lójú Èyítáyọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. “Àmọ̀kẹ́, ṣé o gbọ́?”

Mo ní, “Mo gbọ́. Sọ fún ọmọ ẹ.”

“Kí n sọ kí ni? Kó gbà fún mi, kí wọ́n sack ẹ̀? Àbí kó ní rárá, kí n wá di òpùrọ́ lójú Ọlọ́run?”

Kí a tó wọ ọkọ̀ rọ́bà, wọ́n ń yẹ àpò aṣọ wa wò, wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa eruku inú wọn. Moṣọpẹ́ ló yẹ ti ìyá rẹ̀. Ó yọ ọsàn kan jáde. Ó yọ ọsàn kejì. Ó yọ àbẹ́là funfun kan.

“Mummy, kí lèyí?”

“Ebi lè pa mí.”

“Ṣé ẹ máa jẹ candle náà ni?”

Aṣọ funfun wà lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì Èyítáyọ̀, ó ti ki etí aṣọ náà bọ inú ṣòkòtò òtútù, ó wá wú bí ìrọ̀rí. Ọmọ wò mí, mo wo òkè. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

A gúnlẹ̀. Òkè yìnyín yí wa ká, omi náà rí bí aró, ẹyẹ pẹ́ńgúìnì pọ̀ lọ súà, wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lọ bí àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n pẹ́ dé ìsìn. Òórùn ìgbẹ́ wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Èyítáyọ̀ ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wà lẹ́bàá òkúta kan, ó ti ń yọ ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Dávídì kò jìnnà sí i, ó sì ti rí i. Kò lọ dá a dúró. Moṣọpẹ́ ni Dávídì ń wò, bóyá yóò mójú kúrò.

“Mummy, ẹ dìde.”

Moṣọpẹ́ kò pariwo. Ohùn tó fi bá gbogbo èrò sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ló fi sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí kí ọmọ dúró lójú àjèjì kó máa pàṣẹ fún ìyá tó bí i.

Èyítáyọ̀ gbójú sókè. “Moṣọpẹ́, ẹ̀jẹ́ ni. Nígbà tí storm yẹn mú yín, mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé màá kúnlẹ̀ níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́.”

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Mo rò pé yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ní èmi ni, mi ò bá ti yí i. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Mummy. Please, ẹ dìde. Tí gbogbo wa bá ń ṣe ohun tó wù wá níbí, àwọn ẹyẹ yìí á kú.”

Èyítáyọ̀ wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó ti ẹsẹ̀ padà sínú bàtà, ó sì dìde. Ó ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá wa.” Mo wá àwàdà nínú ohùn rẹ̀, n kò rí i.

Nígbà tí a ń padà, Dávídì bọ́ sínú omi etí èbúté láti ti ọkọ̀ rọ́bà wa. Ó sọ fún Moṣọpẹ́ lédè òyìnbó pé láti ọ̀la lọ, Moṣọpẹ́ ni igbákejì òun. Ó ti ọkọ̀, ó lọ. Inú mi ń dùn, ṣùgbọ́n Èyítáyọ̀ tẹ orí ba, ó di ọwọ́ mọ́ àyà. Ó bá ọmọ rẹ̀ yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Moṣọpẹ́ kò wa ọkọ̀ lọ tààrà. Ó gbé wa wọ àárín àwọn yìnyín tó léfòó, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àṣà iṣẹ́ wọn ni. Ó bẹ àwọn òyìnbó mẹ́fà tí wọ́n wà pẹ̀lú wa pé kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n gbọ́ ìró yìnyín. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Mummy, inú boat yìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ibí ni mo wà ju ibòmíì lọ. Ẹ bọ́ bàtà yín.”

Mo gba bàtà lọ́wọ́ Èyítáyọ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí rọ́bà, omi tútù ń ṣàn lábẹ́ orúnkún rẹ̀, kò sì bìkítà. Ó dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Mo wá ń retí àdúrà ọlọ́dún mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ sórí, pé kí Bàbá mú un padà wálé. Èyítáyọ̀ kọ́kọ́ gbójú wo ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, mo ti rí iṣẹ́ tí ọmọ yìí ń ṣe. Jẹ́ kó ṣe é pẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, jẹ́ kó gbọ́ràn sí i lẹ́nu, bí èmi ìyá ẹ̀ ṣe gbọ́.”

Mo ní, “Àmín,” mo sì wo Moṣọpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, àmín kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òyìnbó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá a ṣe àmín.