Dùùrù Tí Àbúrò Fọ̀

Bí ẹ bá rí dùùrù Màmá Dùùrù nígbà náà, ẹ ó ní ẹnì kan ló fi po ọ̀dà. Kò sí bọ́tìnnì kan lára rẹ̀ tó mọ́. Bí ìyá àgbà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: á gbàdúrà díẹ̀, á tẹ dùùrù, á ṣàdédé dìde, á ti ọwọ́ méjèèjì bọ ọ̀dà, á fi ya àwòrán sára aṣọ funfun tó ta mọ́ ògiri, á sì padà sídìí dùùrù láìnu ọwọ́. Gbogbo àwọn tó ń wá gbàdúrà ní pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè ló mọ̀ pé kì í múra orin sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ọlọ́run ló ń fún mi." Orí wọn a wú, orí òun náà a sì wú.

Àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin kó wá bá a gbé. Ẹ gbà mí o! Ilé ìwòsàn ni ìyẹn ti ń nulẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì, bó bá sì rí ìdọ̀tí, kò lè sùn. Ní Sátidé kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó mú kẹrosíìnì àti àkísà, ó fọ dùùrù náà kanlẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ẹ̀rín ló fi ṣílẹ̀kùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo nǹkan!"

Màmá wò ó, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó jókòó, ó na ọwọ́, ọwọ́ ò mọ ibi tí yóò lọ. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé àwọn àwọ̀ yẹn lòun ti ń tẹ̀ lé látọjọ́ yìí. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ibi tí búlúù ti pọ̀ lọwọ́ rẹ̀ ń sáré lọ. Pupa ló sì máa ń mú un jáde níbẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ló wá ń fún un ni, àbí ọ̀dà?

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

"Ó dọ̀tí ni. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kúrò níwájú mi jàre!"

Màmá fẹ́ tún un kùn, àmọ́ kò rántí ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ká tiẹ̀ ní ó rántí ńkọ́? Irọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ pa nìyẹn máa jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sọ́ńdè, oníbúrẹ́dì àdúgbò tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú jókòó síwájú, ojú rẹ̀ wú. Ó bẹ Màmá pé kó bá òun fi dùùrù gbàdúrà. Màmá ronú pé bí òun ò bá rí nǹkan kan gbà fún ọkùnrin yìí, a jẹ́ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ayé òun. Ó dijú, ó tẹ̀ ẹ́. Kò rí nǹkan kan. Ó ń wá a sókè, ó ń wá a sísàlẹ̀, ó dìde, ó ti ọwọ́ bọ ọ̀dà, ó ya ìlà kan tí ò débì kankan sára aṣọ, ó tún padà wá jókòó láìnu ọwọ́. Ni pálọ̀ bá gbọ̀n tìtì fún àmín. Oníbúrẹ́dì dì í lọ́wọ́ mú, ó ń sunkún.

"Màmá, Ẹ̀mí ò sọ̀kalẹ̀ báyìí rí!"

Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ó mọ̀ pé òun ò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe àbúrò rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn.

"Ìwọ sòótọ́ fún mi. Kí lo gbọ́?"

Ìyẹn wolẹ̀. "Ẹ̀rù yín ló bà mí. Ó dà bíi pé ẹ ń pe ẹnì kan tí kò dáhùn."

Màmá bú sẹ́kún. "Kò dáhùn lóòótọ́."

"Àmọ́ ẹ ò yéé pè é, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí Sátidé mìíràn pé, ọ̀dà tuntun láti ọwọ́ Màmá ti gbẹ sára dùùrù. Àbúrò ò jẹ́ yà sí pálọ̀ rárá. Màmá ló ké sí i.

"Kẹrosíìnì ọjọ́sí dà?"

Ìyẹn gbé e wá pẹ̀lú àkísà, ó ń tọrọ àforíjì kó tó débẹ̀. Màmá gba àkísà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, láti ibi tí búlúù wà. Ó ní, "Bí mo bá ń pè é lọ́la, mi ò fẹ́ kí ọ̀dà máa darí ọwọ́ mi."