Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ọwọ́ mi ò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Egungun apá ló bá pàdé, ó dún kọ̀, ó sì ta mí títí dé ìgúnpá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló fi apá dí ìgbátí bàbá rẹ̀ nínú pálọ̀ wa ní Galadimawa, lọ́sàn-án Sátidé. Kò lù mí padà. Ó kàn sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú mi, ó ń wò mí. Ẹnu mi là sílẹ̀.

Ìyàwó mi yọjú láti kíṣìnì. “Yéè, mo gbé o!”

Ohun tó fà á ò tó nǹkan. Mo ní kó lọ pa ẹ̀rọ omi, fóònù ò jẹ́ kó gbọ́, táńkì kún, omi ya wọ kíṣìnì. Inú mi kì í pẹ́ bí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n bí mi sí ní Èkìtì, bí bàbá bá na ọwọ́ ìgbátí, ńṣe lọmọ ń dúró gbà á. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ dí i ti bá bàbá rẹ̀ jà nìyẹn, ẹbí yóò sì pé jọ lé e lórí.

“O gbọ́wọ́ sókè sí mi?” ni mo wí.

“Dádì, mi ò lù yín o. Mo kàn block ọwọ́ yín ni, sà.”

Èmi náà sì ni mo mú un lọ kọ́ kàrátè! Obìnrin kan tí a jọ wà ní iléeṣẹ́ ìjọba ló wọ takisí ní ọ̀nà Kugbo. Ọlọ́ṣà ló kún inú rẹ̀, wọ́n gba báàgì rẹ̀, wọ́n tì í jáde lórí eré, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Mo ní kò sẹ́ni tó máa ṣe ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́fà rèé, èmi ni igi àkọ́kọ́ tó fi dánra wò.

Mo wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ tíṣà kàrátè wọn. Ọmọ Kabba ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò jọ ẹni tó lè gba adìẹ lọ́wọ́ ènìyàn. Òun nìkan ló wà nínú gbọ̀ngàn, ó ń gbálẹ̀. Ó tẹrí ba, ó kí mi.

“Ìwọ lo ń kọ́ ọmọ mi pé kó máa bá bàbá rẹ̀ jà?”

“Kai! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi ná.” Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Ní Okinawa tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, erékùṣù kan lọ́hùn-ún lẹ́bàá Japan, wọ́n ní àwọn aláṣẹ gba idà lọ́wọ́ ará ìlú. Ọwọ́ lásán ló kù fún wọn. Kàrátè náà nìyẹn, ọwọ́ òfìfo. Torí náà, òfin wa ni pé a ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ lu ẹnikẹ́ni. Dí i ni, kó o sì kúrò níbẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́, ẹ̀gbọ́n?”

Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́.

“Ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe. Nǹkan kan péré ló ń dà mí láàmú. Ọwọ́ ọ̀tún lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbáni létí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló ń bà. Àwọn ọmọ tó kù, òsì ni wọ́n ń ṣọ́. Ọmọ yín, láti ọjọ́ tó ti dé, ọ̀tún ló ń ṣọ́. Mo sọ, mo sọ, kò yí padà.”

“Má yí ọ̀rọ̀ po fún mi!” Mo na ìka sí i lójú.

Ojú mi kọ́ ló ń wò, ìka yẹn ló ń wò. Ni èmi náà bá wò ó. Ọwọ́ òsì ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní ọlọ́wọ́ òsì ní ọ́fíìsì. Ìyá mi ti nà án kúrò lára mi kí n tó wọ iléèwé. Ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń kọ̀wé, òun ni mo fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Àfi bí inú bá bí mi. Ẹni tó bá mọ òsì mi, ìbínú mi ló ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi sì ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo gbá a létí rí. Ara ọmọ náà ní kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Mo mú un lọ nítorí ọlọ́ṣà, èmi ló ń múra dè. Ojú tì mí, mo yí padà, mo gba ilé lọ.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi wà ní kíṣìnì, ó ń fi àkísà fa omi. Bàbá mi kò bẹ̀ mí rí títí tó fi kú, n kò sì mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo ṣáà sọ ọ́.

“Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Má bínú. Mi ò ní na ọwọ́ sí ọ mọ́ láé.” Mo gbé ẹsẹ̀ kí n lọ dì mọ́ ọn.

Ó kúnlẹ̀ sínú omi. “Mo ti gbọ́, Dádì. Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná.”